Ṣíṣọ́ Owó Ọbẹ̀ Ná ní Port Harcourt

Nígbà tí ọkùnrin kan bá gbé ìyàwó, tí òun àti aya rẹ̀ kó ẹrù wọn lọ sí ìlú tí ó jìnnà sí ilé baba wọn, tí Ọlọ́run sì fi ọmọ jíǹkí wọn kí wọ́n tó mọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlú náà tán, kò sí olùkọ́ tí í tètè kọ́ wọn lọ́gbọ́n tó ọjà. Owó ilé lè dúró di òpin ọdún, owó aṣọ lè dúró di ọjọ́ ìnáwó, ṣùgbọ́n owó ọbẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni ikùn ọmọ ti ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Èmi sì ti wò ó títí, mo rí i pé nínú ilé ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò ní Port Harcourt lónìí, kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí ìnákúnàá nìkan ni ó ń sọ wọ́n di ẹni tí ń yá owó kí oṣù tó parí. Ohun tí ó ń gbọ́n àpò wọn jù ni pé wọ́n ti dé ìlú kan, síbẹ̀ oúnjẹ ìlú mìíràn ni wọ́n ṣì ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ó di egbò tí kò ṣeé fi aṣọ bò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí iye náírà sì já wálẹ̀ lójú owó òkèèrè ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tí mọ́tò ń gbé ni ó gbówó lórí. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n sì gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà sí 70,000 náírà ní oṣù Keje, ọjà ti sáré kọjá ibi tí àfikún náà lè lé e bá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ìdílé tuntun ni pé iṣu tí ó ti Benue wá, tòmátò tí ó ti Kano tàbí Jos wá, ẹ̀lùbọ́ tí ó ti Ṣakí wá, gbogbo wọn ni ó san owó epo mọ́tò, owó alágbàárù àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ lójú pópó, kí wọ́n tó bọ́ sínú agbọ̀n wa. Ẹni tí ó sì fi wọ́n se ọbẹ̀ ni ó san gbogbo rẹ̀. Gààrí tí wọ́n yan ní Ogoni ní àná, àti ẹja tí ọkọ̀ ojú omi já sí èbúté ní òwúrọ̀ yìí, kò ru ẹrù tó bẹ́ẹ̀ wọ ọjà.

Ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí a ń gbé. Port Harcourt kì í ṣe ìlú àtijọ́ bí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́. Ọdún 1913 ni Gómìnà Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, sọ ibẹ̀, nítorí pé wọ́n ń wá èbúté tí wọn yóò máa gbà kó èédú Enugu lọ sí òkè òkun. Ilẹ̀ àwọn Ikwerre àti ẹ̀bá omi àwọn Okrika ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Rélùwéè ni ó tọ́ ọ dàgbà, epo rọ̀bì tí wọ́n rí ní Oloibiri ní 1956 ni ó sì sọ ọ́ di ọ̀gbàgbà ìlú tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ń jẹ́ epo rọ̀bì, epo pupa ni àwọn odò wọ̀nyí ń gbé. Bonny, Opobo àti Kalabari ni ó ń tà á fún òyìnbó, epo pupa yìí náà ni Gẹ̀ẹ́sì sì fi sọ gbogbo àgbègbè náà lórúkọ nígbà tí wọ́n fi í sábẹ́ ààbò wọn ní 1885. Port Harcourt, ọlọ́mi lọ́tùn-ún, ọlọ́mi lósì, ìlú tí ẹja ń fò níwájú, tí ọ̀pẹ ń so lẹ́yìn: ó ṣòro láti rí ìdí tí ebi fi níláti pa ẹni tí ó bá mọ ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú jáde.

Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn oúnjẹ wa. Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, ni àwọn baba wa wí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò lè gbàgbé iyán, ọmọ Ọ̀yọ́ kò sì lè gbàgbé àmàlà tí a fi gbẹ̀gìrì àti ewédú tì lẹ́yìn. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ oúnjẹ baba rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ níláti mọ adùn ilé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àwọn oúnjẹ tí ó rin ìrìn àjò wọ̀nyí di oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi àti ti ọjọ́ àlejò, kí ọjọ́ mẹ́fà yòókù sì jẹ́ ti ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Ibi tí ayé bá bá ni, ibẹ̀ ni à á ti jẹ ẹ́.

Kì í sì í ṣe àjèjì oúnjẹ ni ilẹ̀ yìí ní kí a wá jẹ. Gààrí Ogoni àti ti Etche kò jìnnà sí èyí tí a mọ̀, àfi pé wọ́n sábà máa ń fi epo sí i. Ewùrà wà lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí ó yẹ kí ó mú inú ọmọ Ìjẹ̀bú dùn, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí a fi ń ṣe ìkọ́kọrẹ́. Kókò wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Ẹ̀fọ́ ùgú àti gbúre ń hù débi pé ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ tí kò ju ẹní méjì lọ lẹ́yìn ilé lè máa já gbúre jẹ láti ọdún dé ọdún láìsan kọ́bọ̀. Àwọn Okrika àti Kalabari a máa gún iṣu pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, wọn a fi epo pupa pò ó, wọn a sì pè é ní onunu; ìyàwó ilé tí ó bá fi ọgbọ́n wò ó yóò rí i pé ìdajì iṣu tí ìbá gún ní iyán ti tó fún gbogbo ilé, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bá a gbé ìdajì yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìṣáwùrù, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ó ń kọ imú sí i, tí wọ́n sì ń kọjá lára rẹ̀ lọ ra ẹja Titus inú yìnyín tí ó ti òkè òkun wá. Ní ọjà Creek Road, níbi tí àwọn obìnrin ti ń já ẹrù omi, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tà á: èyí tí wọ́n ti yọ ẹran rẹ̀ kúrò nínú ìkarahun, tí wọ́n ń fi ife wọ̀n, àti èyí tí ó ṣì wà nínú ìkarahun rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti yọ ni ó wọ́n jù, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra oníkarahun yóò dà á sínú ọpọ́n omi, yóò fi ọwọ́ méjèèjì pò ó bí ẹni ń fọ ìrẹsì, yóò da omi ẹlẹ́rẹ̀ náà nù, yóò sì tún un ṣe títí omi yóò fi mọ́ gaara. Nígbà náà ni yóò gbé e kaná fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí omi bá ti hó, ìdérí pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́nu ìkarahun kọ̀ọ̀kan yóò tú; yóò fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì gún ẹran náà, yóò yí ọwọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ jáde láìjá. Àwọn onílé tí kò fẹ́ wàhálà abẹ́rẹ́ a máa gé ìdí ṣóńṣó rẹ̀ kúrò, wọn a sì sè é tìkarahun-tìkarahun sínú ọbẹ̀, kí olúkúlùkù fa tirẹ̀ mu. Àmúlùmálà rẹ̀ pẹ̀lú ùgú, edé àti epo dára fún ọmọ tí ń dàgbà, ìkarahun pàápàá kò sì ṣòfò, nítorí pé àwọn kọ́lékọ́lé ibẹ̀ a máa pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì.

Nípa tòmátò, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Láti Òkè Ọya ni ó ti ń wá, nígbà òjò ni ó sì máa ń wọ́n jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta run oko tòmátò ní Kaduna títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde ọ̀ràn pàjáwìrì, gbogbo ọjà ilẹ̀ yìí ni ó mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, ọbẹ̀ ẹyìn tí àwọn ará Odò Niger ń sè kò mọ tòmátò rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gúsí wa, ilá wa àti ẹ̀fọ́ elépo wa lè dùn láìsí i. Ìdílé tí ó bá ń se ọbẹ̀ elépo láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, tí ó sì padà sí ọbẹ̀ ata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìnáwó tí í dun ni jù láàárín ọdún.

Ọjà ti pọ̀ ní Port Harcourt, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjà Mile 1 àti Mile 3 ní Diobu ń ná lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tí a kò lè rí níbẹ̀. Ọjà Oil Mill ní Rumuokwurusi, lójú ọ̀nà Aba, ní Ọjọ́rú tirẹ̀, nígbà tí àwọn alájàpá ń kó ẹrù oko dé láti ìletò àyíká. Ẹran sì dára ní odò ẹran Trans-Amadi, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní Slaughter, fún ẹni tí ó bá tètè jí. Ohun tí a fi ń sá tọ ọjà tí ó jìnnà ni pé a fẹ́ fo alárọ̀bọ̀, nítorí pé ọwọ́ tí ọjà bá ti gbà kọjá kọ̀ọ̀kan ni ó ń bu èrè tirẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ mọ́tò láti Choba lọ sí Oil Mill nítorí agolo ẹ̀wà kan kò fo ẹnikẹ́ni, owó èrè alárọ̀bọ̀ náà ni ó kó fún awakọ̀. Nítorí náà, ohun gbígbẹ tí í pẹ́ nílé, ìrẹsì, ẹ̀wà, edé, epo, iyọ̀, ọṣẹ, ni à ń torí rẹ̀ lọ sí ọjà ńlá, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó sì sàn kí aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta jọ lọ kí wọ́n lè jọ san owó ọkọ̀ ẹrù. Ẹ̀fọ́ àti ata, ọjà tí ó bá sún mọ́ ilé ni ti wọn, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò fẹ́ kí ẹrù òun sùn mọ́ òun lọ́wọ́.

Òṣùwọ̀n ni ibi tí owó ti ń jò jù, níbẹ̀ sì ni ojú àwọn ọ̀dọ́ kì í tíì là. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kóńgò ni. Ní Port Harcourt, agolo tòmátò De Rica tí a ti jẹ tán, tí gbogbo ayé ń pè ní dẹ́rìkà, ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà, rọ́bà ọ̀dà onílítà mẹ́rin, tí wọ́n ń pè ní pẹ́ǹtì, ni wọ́n sì fi ń wọn gààrí. Ẹ wo ọwọ́ oníṣòwò nígbà tí ó bá ń wọ̀n. Ẹni tí ó jẹ́ olóòótọ́ yóò bu gààrí kún, yóò fi apá ká ẹnu rọ́bà kí òkìtì rẹ̀ lè ga, yóò da tiyín sínú àpò, yóò sì fi ọwọ́ bu ènì lé e kí ẹ tó bèèrè. Ẹlòmíràn ti fi iná yọ́ ìdí rọ́bà tirẹ̀ títí ó fi wú sókè sínú. Ẹlòmíràn ti fi òòlù lu ìsàlẹ̀ agolo kí ó lè tẹ̀ wọlé. Ẹlòmíràn sì wà tí agolo rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n tí ó ń yára da ọjà débi pé ojú kò rí i pé kò kún. A kò gbọdọ̀ bá wọn jà lórí rẹ̀. Kí a fi ọwọ́ kan inú agolo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n, kí a kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a fi ọwọ́ kan agolo òun, kí a kí i pé ó dàárọ̀, kí a sì kọjá sí ìsọ̀ kejì. Bí a bá dé ilé, kí a fi ife tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà tún un wọ̀n, kí a sì kọ iye ife tí ó jẹ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, ẹ ó mọ ìsọ̀ tí ẹ ó máa rà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò mọ̀ yín, yóò mọ ọmọ yín, ní ọjọ́ tí ọjà bá wọ́n lójijì ni ẹ ó sì mọ iyì kí ènìyàn jẹ́ oníbàárà ẹnìkan.

Ọ̀rọ̀ ọjà inú ọ̀rá àti inú páálí kò yàtọ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ńlá ni ó ń pọ̀ ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn wàrà inú ọ̀rá kéékèèké a máa pọ̀ ju ti agolo ńlá, nítorí pé agolo náà ní owó tirẹ̀. Ìwọ̀n gíráàmù tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí á pín owó sí. Ó sì yẹ kí a tún máa wò ó láti ìgbà dé ìgbà, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ a máa dín ohun tí ó wà nínú ọ̀rá kù láìyí owó àti àwòrán ara rẹ̀ padà.

Mo wá dé ibi tí ìmọ̀ràn tí a gbé ti ilé wá ti máa ń tàn wá jẹ. Ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń gbẹ dáadáa, ẹni tí ó ra gààrí àpò kan nígbà tí ó pọ̀ jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ní Port Harcourt, níbi tí òjò tí ń rọ̀ lọ́dún lé ní 2,000 mílímítà, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oṣù tí kì í rọ̀ rárá, gààrí àpò kan lè hu funfun kí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́ta tó jẹ ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ó bà jẹ́ ti di ọ̀wọ́n. Kí a tó ra gààrí, kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́: bí ó bá dì, kò gbẹ, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, bí ó bá tú ká, tí ó sì ń ró wàràwàrà, kí a rà á, kí a dà á sínú rọ́bà tí ìdérí rẹ̀ le, kí a gbé e sórí àpótí kúrò nílẹ̀, kí a má sì fi ṣíbí tútù bù ú. Láti oṣù Karùn-ún di oṣù Kẹwàá, ohun tí a ó jẹ ní oṣù kan ti tó. Àgbègbè náà sì ní ìdààmú mìíràn tí ó yẹ kí a máa fi etí sí: nígbà tí omi bo oko ní Ahoada àti Ogba ní 2012, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2022, àwọn àgbẹ̀ sáré hú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó kí omi má baà gbé e lọ, gààrí sì wọ́n lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìró àgbàrá ní oṣù Kẹsàn-án, kí ó ra ti oṣù méjì, kí ó sì ṣọ́ ọ dáadáa.

Ẹ̀wà ni ó yẹ ní rírà lọ́pọ̀. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè rẹ̀ ní Òkè Ọya, ni ó ń pọ̀ jù. Kòkòrò nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da Sniper tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn sí ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ, kí a má sì ra ẹ̀wà tí ó ń rùn bí oògùn, bí ó ti wù kí ó mọ́ lójú tó. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Irú ìlò burúkú yìí wà lára ohun tí ó mú kí NAFDAC, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, ní 2019 fi òfin de títa ìgò kékeré oògùn náà ní ọjà gbangba. Ohun tí ó ń pa kòkòrò láìpa ènìyàn ni àìsí afẹ́fẹ́. Kí a sá ẹ̀wà sóòrùn, kí ó tutù, kí a rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí dé ọrùn, kí a máa gbọ̀n ọ́n kí ó lè kì mọ́ra, kí a sì de ìdérí rẹ̀ pinpin. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú rẹ̀ ni kòkòrò yóò mí tán, yóò sì kú. Orí ìmọ̀ yìí kan náà ni wọ́n gbé àpò onípele mẹ́ta kalẹ̀ lé, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Cameroon ní nǹkan bí ọdún 1987, tí ó sì ti tàn ká gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Epo pupa kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: láti oṣù Kẹta di oṣù Karùn-ún ni ẹyìn ń pọ́n jù, nígbà náà ni kí a ra kẹ́ẹ̀gì ọdún kan, lọ́wọ́ ẹni tí ń fún un ní Etche tàbí Ikwerre bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé àwọn kan ń fi àwọ̀ aṣọ pa epo láró ní ọjà. Kí a gbé díẹ̀ kaná kí a tó sanwó. Bí ó bá ń ta pàrà-pàrà, omi ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ti fífi ẹja pamọ́ sínú yìnyín, kí á má gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí iná mànàmáná kò dá wa lójú. Ẹja yíyan tí a tún ń fi iná yá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó lè dúró dè wá.

Iná ìdáná náà ń jẹ owó. Bonny tí wọ́n ti ń fi gáàsì ránṣẹ́ sí òkè òkun láti 1999 kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ sì ti ń tà lára gáàsì ìdáná fún ọjà ilé láti 2007, síbẹ̀ kò sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa. Lára ọrùn sílíńdà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà T.W. Kí a kà á kí a tó lọ, kí a sì wo ìwọ̀n olùta nígbà tí ó bá gbé sílíńdà lé e kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ gáàsì, nítorí pé ohun tí ó ṣẹ́kù nínú sílíńdà pẹ̀lú ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ ni ó gbọdọ̀ hàn. Ẹ̀wà tí a bá rẹ sómi mọ́jú, ìdajì iná ni yóò jẹ.

Ní ti ọmọ ọwọ́, oúnjẹ rẹ̀ tí ó dára jù lọ ni èyí tí kò ní owó lórí. Oṣù mẹ́fà gbáko ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ. Agolo wàrà ọmọdé tí àwọn kan ń rà nítorí àfihàn ti tó láti ra ẹja ọ̀sẹ̀ kan fún ìyá rẹ̀, ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú sì níláti jẹun dáadáa. Lẹ́yìn náà, ògì tí a fi sóyà àti ẹ̀pà lọ̀ pọ̀, tí a fi edé lílọ̀ díẹ̀ sí, ni kí ó máa mu. Aṣọ rẹ̀ kò níláti jẹ́ tuntun, nítorí ọmọ kì í wọ aṣọ gbó, ńṣe ni ó ń dàgbà kọjá rẹ̀. Aṣọ òkìríkà, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Okrika tí ó wà lódìkejì omi, wà ní ọjà gbogbo, kí a sáà fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ó tó kan ara ọmọ. Nápì aláṣọ ń dín owó kù ní ọ̀sán, èyí tí a ń jù nù sì dára fún òru àti ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú ti ń bà lé ìlú yìí lọ́dún dé ọdún láti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì lọ́nà tí kò bófin mu. Aṣọ funfun tí a sá síta ní alẹ́ lè di eléérú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀dùn ni ó jẹ́ fún mi pé ìyá ọmọ ń ra ọṣẹ kún ọṣẹ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí a máa sá aṣọ ọmọ sí.

Gbogbo èyí kò ṣeé ṣe bí ọkọ bá ń fi iye tí ń wọlé pamọ́ fún aya, tí aya sì ń fi iye tí ọjà ń jẹ́ pamọ́ fún ọkọ. Ìwé ẹ̀kọ́ kan tí a so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, tí àwọn méjèèjì ń kọ ohun tí wọ́n rà sí, ti pa ọ̀pọ̀ ìjà run kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ tí ó bá bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta kò tún ní bèèrè ibi tí owó ọbẹ̀ gbà.

Níbo ni a ó ti rí owó ra kẹ́ẹ̀gì epo ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà? Níbẹ̀ ni ogún àwọn baba wa ti wúlò. Èésú kì í ṣe ohun tuntun. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e kọjá òkun, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará Trinidad ṣì ń dá a títí di òní, tí wọ́n ń pè é ní susu. Ní Port Harcourt, Ìgbò, Ikwerre àti Yorùbá ni ó jọ ń dá a, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ìdílé mẹ́wàá tí ó mọ ara wọn dáadáa, tí wọ́n ń jọ́sìn papọ̀ tàbí tí wọ́n ń gbé àdúgbò kan náà, máa dá iye kan náà lóṣooṣù, kí ọ̀kan máa kó o. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣe ni pé gègé ni wọ́n fi ń pín oṣù. Ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ohun tí olúkúlùkù fẹ́ fi tirẹ̀ rà: ẹni tí ó fẹ́ ra epo, kí ó gba oṣù Kẹrin, ẹni tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ń bọ̀ wá bá, kí ó gba oṣù Kẹsàn-án, ẹni tí ó fẹ́ ra àpò ẹ̀wà kan kí ó sì pín in pẹ̀lú aládùúgbò, kí ó gba oṣù Kejìlá. Ẹni tí kò bá ní ohun kan pàtó lọ́kàn ni kí ó gba oṣù tí ó kù, nítorí pé òun ni ìdúró kò ní pa lára.